Lambert Aṣọ́nà Rélùwéè àti Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ Tí Ó Ń Gbé Iṣu Wá

Orin dùn. Ìwọ tí o mú ìwé kékeré yìí lọ́wọ́, má bẹ̀rù, n kò fẹ́ fi èébú orin bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbọ́ àwọn oníwàásù tí wọ́n ń sọ fún èrò ọjà pé kò sí adùn kankan nínú gìtá àti agídìgbo, mo sì rí i lójú èrò ọjà pé wọ́n ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín sínú. Èmi náà ní etí. Mo mọ̀ pé ó dùn.

Orin kọ́ ló ba ayé ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí jẹ́. Ohun tí ó ṣe nígbà tí orin ń dùn ni, àti bí ó ṣe pẹ́ tó kí ó tó la ẹnu sọ ọ́. Fara balẹ̀ kà á. Ó lè jẹ́ pé ìwọ náà ní ohun kan tí o kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lambert ni orúkọ rẹ̀, ará Pobè. Wọ́n sọ ọ́ ní Lambert nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un kí wọ́n lè gbà á sí ilé ẹ̀kọ́, láti ọjọ́ náà ni òun àti Ọlọ́run kò sì ti ní ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Bí o bá bi í bóyá onígbàgbọ́ ni, á ní, “Ṣé o kò gbọ́ orúkọ mi ni?” Ohun tí ó mọ̀ nípa ìgbàgbọ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ rélùwéè ló ń ṣe. Níbi tí ọ̀nà Towé ti gba orí ojú irin kọjá lẹ́yìn ìlú, igi gígùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kùn ní pupa àti funfun. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń ti Sakété bọ̀, á fọn fèrè láti òkèèrè. Lambert á yí igi náà sọ̀kalẹ̀ dábùú ọ̀nà, á mú àsíá pupa lọ́wọ́, á sì dúró títí ọkọ̀ yóò fi kọjá. Gbogbo ará oko tó ń gba ibẹ̀ ló mọ̀ pé bí igi bá ti wà lókè, ọ̀nà ṣí. Wọn kì í wo ọ̀tún, wọn kì í wo òsì. Igi Lambert ni wọ́n ń wò.

Iṣẹ́ gidi ni, ó sì ń bọ́ Lambert àti Èjìdé ìyàwó rẹ̀ àti Láyọ̀ ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n kò gbayì lójú rẹ̀. Ògúnṣínà baba rẹ̀ ti jẹ́ ọdẹ ńlá tó ń ṣọ́ bodè ìlú láyé ogun, àwọn àgbàlagbà Pobè ṣì máa ń dárúkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wá di ẹni tí ń gbé igi sókè, tí ń gbé igi sílẹ̀. “Lambert Onígi” ni àwọn aláwàdà ìlú ń pè é, á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún dé egungun.

Ohun tó ń tù ú nínú ni orin. Olórin kan wà ní Sakété nígbà náà, Ṣàmsídéènì lórúkọ rẹ̀, òun àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti gìtá kan tí wọ́n rà ní Àjàṣẹ́. Níbi tí Ṣàmsídéènì bá ti ń ṣeré, tí iṣẹ́ kò bá di Lambert mú, wàá bá a níbẹ̀. Kò ní í jókòó. Ẹ̀gbẹ́ agídìgbo ni á lọ dúró sí, kí ohùn rẹ̀ lè máa lù ú láyà, á di ojú, ẹ̀rín á sì wà lẹ́nu rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan pa á lẹ́rìn-ín. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kì í ṣe Lambert Onígi mọ́.

Ṣàmsídéènì ní àṣà kan. Bí eré bá ti gbóná, á rẹ ohùn gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, á pe orúkọ ẹnì kan láàárín èrò, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki baba rẹ̀ àti baba baba rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa níbí, ẹni tí wọ́n bá ń ki baba rẹ̀ ní gbangba kì í yẹsẹ̀. Á ṣí fìlà, á dúró títí olórin yóò fi kà wọ́n tán. Bí ó bá rìn kúrò, àwọn òkú ló kọ ẹ̀yìn sí, gbogbo ìlú á sì gbọ́. Lambert ti rí i tí wọ́n ń ki àwọn oníṣòwò, àwọn olùkọ́ àti àwọn awakọ̀. Wọn kò pe tirẹ̀ rí. Ó sì ń retí rẹ̀ ju bí ó ti ń retí ohunkóhun mìíràn láyé lọ.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan láti kékeré, Ògúntúndé, àgbẹ̀ ní Towé. Wọ́n ti jọ jó, wọ́n ti jọ mutí. Ṣùgbọ́n Ògúntúndé àti Marcelline ìyàwó rẹ̀, ìyá Bonaventure ọmọ wọn, gba Jésù gbọ́, láti ìgbà náà ni kò sì ti bá Lambert lọ sí ilé ọtí mọ́. Kò yà kúrò lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, síbẹ̀. Bí ó bá ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó kún fún iṣu bọ̀ sí ọjà Pobè, á dúró lẹ́bàá igi pupa àti funfun náà.

“Lambert, ìgbà wo ni wàá fi ayé rẹ fún Olúwa?”

“Fi mí sílẹ̀ ná, jàre. Jẹ́ kí n jó tán.”

“Ta ló máa sọ fún ọ pé ijó ti tán?”

“Bí agídìgbo bá ti dákẹ́, mo máa mọ̀.” Lambert á sì gbé igi sókè fún un pẹ̀lú ẹ̀rín, kẹ̀kẹ́ iṣu á kọjá.

Wàyí o, ó di ọjọ́ àjọ̀dún òmìnira. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tí wọ́n sọ àsíá Faransé kalẹ̀ tí wọ́n gbé tiwa sókè, inú gbogbo ènìyàn sì dùn gan-an. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yan kọjá, wọ́n pa ewúrẹ́. Bàṣírù, oníṣòwò aṣọ tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá ojú irin, ránṣẹ́ pe Ṣàmsídéènì láti Sakété kí ó wá ṣeré nínú ọgbà rẹ̀. Gbogbo Pobè ló sinmi lọ́jọ́ náà àfi Lambert. Ọ̀gá ibùdókọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní ṣẹ́ẹ̀fù, ti kìlọ̀ fún un láàárọ̀ pé ọkọ̀ yóò kó èrò àjọ̀dún wá láti Àjàṣẹ́ lọ́sàn-án, kí ó má ṣe kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ó dúró. Ó gbọ́ tí agídìgbo bẹ̀rẹ̀. Ó tún dúró. Ọgbà Bàṣírù kò jìnnà, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ṣe é, kò ga ju àyà ènìyàn lọ. Lambert ní òun á kàn lọ dúró lẹ́yìn ọgbà, òun á máa gbọ́ fèrè láti ibẹ̀. Nígbà tí ó dé ẹ̀yìn ọgbà, ó ní òun á kàn wọlé kí òun kí Bàṣírù kú ọdún. Nígbà tí ó wọlé, ẹ̀gbẹ́ agídìgbo ló bá ara rẹ̀. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán yẹn dùn. Oòrùn kò mú, ọtí tutù, gìtá ń dá agídìgbo lóhùn bí ẹni méjì tó fẹ́ràn ara wọn. Lambert di ojú. Lójijì, ohùn gbogbo wálẹ̀, ó sì gbọ́ ohun tí ó ti ń retí láti ọdún pípẹ́ wá.

“Lambert ọmọ Ògúnṣínà,
ọmọ ọdẹ tí í ṣọ́ bodè má sùn,
ọmọ adúró-lójú-ọ̀nà kí ìlú ó lè sinmi…”

Orí rẹ̀ wú. Ó ṣí fìlà iṣẹ́ rẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò sì tijú. Gbogbo èrò yíjú sí i.

Nígbà náà ni fèrè ọkọ̀ dún láti apá Sakété.

Ó gbọ́ ọ. Olùkàwé mi, mo fẹ́ kí èyí yé ọ yékéyéké: ó gbọ́ ọ. Ó yí ojú sí apá ibi tí fèrè ti dún. Ó mọ̀ pé bí òun bá sáré nísinsìnyí, òun á bá igi náà. Ṣùgbọ́n orúkọ baba rẹ̀ wà lẹ́nu olórin, gbogbo Pobè sì ń wò ó. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé ẹsẹ̀ kan ló kù, bí wọ́n bá ti kà á tán, òun á sáré lọ. Ó yí ojú padà sọ́dọ̀ Ṣàmsídéènì.

“Bàbá rẹ kò yẹsẹ̀, ìwọ náà má yẹsẹ̀.”

Fèrè tún dún, ó sún mọ́lé. Lẹ́yìn náà, irin ń ha irin, ariwo náà gùn, ó gùn, igbe ènìyàn kan sì jáde láàárín rẹ̀. Agídìgbo dákẹ́.

Nígbà tí Lambert dé ibẹ̀, ọkọ̀ ti dúró. Iṣu tuntun fọ́nká sójú ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ kan ti ká bí okùn, Ògúntúndé sì nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, okùn tí ó fi di iṣu ṣì wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. N kò ní í ṣàpèjúwe bí ẹsẹ̀ náà ṣe rí. Ohun tí Lambert kọ́kọ́ ṣe, òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìdí tí ó fi ṣe é: ó lọ yí igi pupa àti funfun náà sọ̀kalẹ̀ dábùú ọ̀nà, lẹ́yìn tí ohun gbogbo ti ṣẹlẹ̀ tán. Ó wá dúró lẹ́bàá rẹ̀.

Wọ́n gbé Ògúntúndé lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún.

Ṣẹ́ẹ̀fù pe Lambert. “Ṣé o gbọ́ fèrè?”

“Ìlù pọ̀ jù, ṣẹ́ẹ̀fù. N kò gbọ́ nǹkan kan.”

“Kí ni o wá ń ṣe níbi tí ìlù wà?”

Ṣẹ́ẹ̀fù ní kí ó kó fìlà àti àsíá sílẹ̀. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

O lè rò pé ẹni tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí á sọ òtítọ́, nígbà tí kò sí iṣẹ́ tí ó tún fẹ́ fi irọ́ dáàbò bò mọ́. Rárá o. Bí ó ti ń sọ irọ́ náà fún ẹni kan, ó ń sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, ó sì ń fi nǹkan kún un. Wọ́n fi ìyà jẹ òun. Ta ló lè gbọ́ fèrè nínú irú ìlù yẹn? Ṣé òun ni wọ́n dá etí ajá fún ni? Àwọn ènìyàn káàánú rẹ̀. Àánú wọn sì ń ta á lára.

Nígbà tí kò rí iṣẹ́ ní Pobè, ó lọ sí Sakété, ó ń bá ẹgbẹ́ Ṣàmsídéènì ru agídìgbo. Ó rò pé, bí kò bá tilẹ̀ sí ohun mìíràn mọ́, orin á ṣẹ́kù fún òun. Ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà. Bí wọ́n bá ti lu ìlù àkọ́kọ́, fèrè ọkọ̀ ló ń gbọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó ń mu sódábì, ọtí líle yẹn, kí fèrè náà lè dákẹ́, sódábì kò pa á lẹ́nu mọ́. Èjìdé fara dà á títí, nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó mú Láyọ̀ lọ́wọ́, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Takon.

“Bàbá Láyọ̀, kì í ṣe àìríṣẹ́ rẹ ni mo ń sá fún,” ó wí kí ó tó lọ. “Ohun kan wà nínú ilé yìí tí ń bá wa gbé, o kò sì fẹ́ dárúkọ rẹ̀.”

Ṣàmsídéènì kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó rí i pé ọkùnrin náà ń rù, ó fẹ́ dá a lọ́lá. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó kan ní Sakété, ó rẹ ohùn ìlù sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀: “Lambert ọmọ Ògúnṣínà, ọmọ ọdẹ tí í ṣọ́ bodè má sùn…” Lambert sá. Ó já èrò kọjá, ó jáde lójú gbogbo ayé nígbà tí orúkọ baba rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu olórin. Ẹnu ya gbogbo èrò, inú bí àwọn àgbà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò lè dúró ní Sakété mọ́. Ó padà sí Pobè, sínú ilé òfìfo.

Ibẹ̀ ni Ògúntúndé ti ń wá bẹ̀ ẹ́ wò.

Ó ń wá láti Towé, igi kan lábẹ́ abíyá, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, àpò iṣu lẹ́yìn ọrùn. Bí ó bá dé, òógùn á ti rẹ ẹ́ láti òkè dé ilẹ̀. Á sọ iṣu kalẹ̀, á jókòó, á mu omi. Wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n á sọ̀rọ̀ oko. Kò bú u rí. Kò tilẹ̀ dárúkọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Á sọ fún un pé Jésù ń gba ẹni tó bá tọ̀ Ọ́ wá, bó ti wù kí onítọ̀hún bàjẹ́ tó. Nígbà tí ó bá sì fẹ́ máa lọ, á wo ojú Lambert.

“Ṣé kò sí ohun tí o fẹ́ sọ fún mi?”

“Ohun wo?” ni Lambert á wí.

“Kò burú. N ó tún wá.”

Lambert kò lè jẹ iṣu náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e wá. Á tì í sábẹ́ ibùsùn títí ebi yóò fi lé e débẹ̀. Ó máa ń múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀: bí Ògúntúndé bá tún dé, òun á sọ ọ́. Bí ó bá sì gbọ́ tí igi ìtìlẹ̀ náà ń kan ilẹ̀ bọ̀, ahọ́n rẹ̀ á wúwo. Ìbéèrè kan náà, ìdáhùn kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni òjò fi lọ, tí ọyẹ́ fi dé.

Nígbà ọyẹ́, Ògúntúndé kò wá mọ́. Wọ́n ní ojú ọgbẹ́ ẹsẹ̀ náà ti ṣí, ó ń yọ ọyún. Ṣé o mọ ohun tí Lambert kọ́kọ́ rò? Ó dùn mí láti kọ ọ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò ní í gbọ́ ìbéèrè yẹn lọ́sẹ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà pọ̀ jù fún un. Kò sí agídìgbo, kò sí ohùn Láyọ̀, kò sí ìró igi ìtìlẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ní ọ̀la ni òun á lọ sí Towé. Ọ̀la dé, ó tún di ọ̀la mìíràn. Ìgbà tí ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ó dìde, ó bọ́jú, ó sì dorí kọ ọ̀nà Towé. Ó ti pinnu. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí ó ti ń rìn: mo gbọ́ fèrè náà, mo gbọ́ fèrè náà.

Nígbà tí ó dé ojú irin, igi wà nílẹ̀. Aṣọ́nà tuntun dúró pẹ̀lú àsíá pupa. Lambert dúró lẹ́yìn igi bí àwọn èrò yòókù. Ní òdì kejì, láti apá Towé, ó gbọ́ orin. Kì í ṣe orin Ṣàmsídéènì. Orin ṣọ́ọ̀ṣì ni, ohùn àwọn ará oko lásán, kò sí ìlù lábẹ́ rẹ̀, ó ń falẹ̀ bọ̀. Ó rí wọn tí wọ́n dé ẹ̀yìn igi, tí wọ́n sì dúró. Aṣọ dúdú. Pọ́sí kan wà léjìká wọn. Marcelline ló wà níwájú.

Ọkọ̀ dé, ó kọjá láàárín wọn, ó gùn bí ohun tí kò ní í tán. Nígbà tí ó kọjá tán, aṣọ́nà tuntun gbé igi sókè. Wọ́n gbé Ògúntúndé kọjá lójú irin náà, wọn kò wo ọ̀tún, wọn kò wo òsì. Lambert tẹ̀lé wọn nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ibòmíràn tí ì bá lọ. Orin náà wọ̀ ọ́ lára. Kò tíì sí orin tí ó wọ̀ ọ́ lára bẹ́ẹ̀ rí, kò sì sí èyí tí ó dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n sin ín lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Pobè. Nígbà tí àwọn èrò lọ tán, Lambert ṣì dúró. Marcelline náà ṣì wà níbẹ̀.

“Bàbá Láyọ̀,” ó wí, “ó ń retí rẹ.”

“Mo ń bọ̀ lónìí ni, Ìyá Bonaventure. Ọ̀nà ni mo wà.”

“Mo rí ọ.”

Nígbà náà ni ó jáde lẹ́nu rẹ̀, lórí iyẹ̀pẹ̀ tútù, fún ẹni tí kì í ṣe òun ló yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. “Mo gbọ́ fèrè náà. Irọ́ ni mo pa. Mo gbọ́ ọ, mo sì dúró kí wọ́n lè ki baba mi tán.”

Marcelline kò kígbe. “Ó mọ̀,” ó wí.

“Ta ló mọ̀?”

“Ọkọ mi. Àtọjọ́ náà ló ti mọ̀. Kẹ̀kẹ́ há sójú irin, okùn wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó gbé ojú sókè láti ké pè ọ́, ó sì rí ọ lókè ọgbà. O ti ṣí fìlà. Ó rí i tí fèrè dún tí o yí ojú wo ọ̀nà. Ó ní ọkàn òun balẹ̀, ó ní, ‘Lambert ti gbọ́.’ Ó sì rí i tí o yí ojú padà.”

Lambert wó lulẹ̀. Ó di iyẹ̀pẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. “Kí ló dé tí kò sọ? Kí ló dé tí ó ń gbé iṣu wá fún mi?”

“Ṣé iṣu lo rò pé ó ń gbé wá?” Ohùn Marcelline yí padà. “Ẹsẹ̀ kan, láti Towé, nínú oòrùn! Dókótò ní kí ó má rìn. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti dárí jì ọ́, ṣùgbọ́n o kò lè gbà á nígbà tí o ṣì ń sọ pé kò sí ohun tí o ṣe. Ó ní òun á máa lọ jókòó síwájú rẹ títí wàá fi sọ ọ́. Títí dé àná ló ń bi mí bóyá o ti wá.” Ó nu ojú rẹ̀. “N kò ní í purọ́ fún ọ níwájú sàréè rẹ̀. Èmi kò tíì lè dárí jì ọ́ bí ó ti ṣe. Mò ń bẹ Ọlọ́run kí Ó ràn mí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó ní bí o bá sọ ọ́, kí n jẹ́ kí o mọ̀ pé ó mọ̀, àti pé ọ̀rẹ́ rẹ ni títí.”

“Ta ni n ó wá bẹ̀ báyìí?” Lambert sọkún. “Ó ti lọ. Ta ni n ó bẹ̀?”

“Ẹnì kan kù tí o ṣẹ̀,” Marcelline dáhùn. “Òun náà rí ọ lọ́jọ́ náà. Ó ti rí ọ kí ọkọ mi tó rí ọ, Ó sì ti san gbèsè rẹ lórí igi àgbélébùú kí wọ́n tó bí ọ. Òun kò sí nínú sàréè. Bẹ̀ Ẹ́.”

Lambert bẹ̀ Ẹ́ níbẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀, ojú rẹ̀ sí iyẹ̀pẹ̀. Kò ní ọ̀rọ̀ dídára. Ó kàn ń wí pé, “Jésù, mo gbọ́ fèrè náà, mo gbọ́ ọ, ṣàánú mi.” Ìmọ́lẹ̀ kankan kò tàn láti ọ̀run. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó sọ òtítọ́ fún Ọlọ́run, Ọlọ́run kò sì lé e dànù.

N kò fẹ́ tàn ọ́ jẹ pé ohun gbogbo dára lẹ́yìn náà. Lambert lọ sọ òtítọ́ fún ṣẹ́ẹ̀fù, ṣẹ́ẹ̀fù kò dá iṣẹ́ padà fún un. Àwọn tó ń káàánú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń yà fún un lójú ọ̀nà. Èjìdé ṣì wà ní Takon bí mo ti ń kọ ìwé yìí, ó ní òun ń wò ó bóyá ìyípadà náà á pẹ́. Lambert ń ro oko Ògúntúndé ní Towé fún Marcelline àti Bonaventure ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi ra ìdáríjì, a ti fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Oko náà kò ní ẹlòmíràn tí yóò ro ó ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi, á jókòó sẹ́yìn pátápátá nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí orin bá bẹ̀rẹ̀, ó ṣì ń gbọ́ fèrè lábẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń ní láti jáde. Ó máa ń padà wọlé.

Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá ìdáríjì náà dá a lójú. Ó ní, “Ó dá mi lójú. Ohun tí ń pa mí ni pé ó ti wà nínú ilé mi tipẹ́, ó jókòó síwájú mi, ó ń mu omi, n kò sì gbà á.”

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Ìwọ tí o ń tẹnu mọ́ ọn pé o kò gbọ́ ìpè Jésù. O gbọ́ nígbà tí ìyá rẹ ń gbàdúrà. O gbọ́ nígbà tí o kọjá lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì lọ́nà ọjà. Ó ṣeé ṣe kí orin kan máa dùn létí rẹ báyìí, orúkọ rẹ wà nínú rẹ̀, o sì ń sọ pé ẹsẹ̀ kan péré ló kù. Ó sì lè jẹ́ pé orin ti dákẹ́, iṣẹ́ ti bọ́, ilé ti dòfìfo, o sì rò pé ó ti pẹ́ jù kí o tó la ẹnu rẹ.

Kò tíì pẹ́ jù ní òwúrọ̀ yìí. N kò lè bá ọ sọ ti ọ̀la. Lambert náà ní ọ̀la púpọ̀, ó lò wọ́n tán, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti ẹ̀yìn igi yọ sí i nínú pọ́sí.

Jésù rí ọ nígbà tí o yí ojú padà. Kò sí ohun tí o fẹ́ sọ fún Un tí yóò jẹ́ tuntun létí Rẹ̀. Síbẹ̀ Ó ń wá, pẹ̀lú ọgbẹ́ tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ dá sí I lára, Ó ń jókòó síwájú rẹ, ọwọ́ Rẹ̀ kò sì ṣófo. Ìbéèrè Rẹ̀ kò yí padà: ṣé kò sí ohun tí o fẹ́ sọ fún mi?

Má dá A lóhùn pé “Ohun wo?” Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, kí o sì sọ ọ́ fún Un lónìí.